Pósítìn Dé, Ilé Tú: Àgbéyẹ̀wò Ìgbé-ayé Ìdílé Ológun ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Bí sígínà, ìwé àṣẹ pósítìn, bá jáde pé kí sójà kan kúrò ní Jos kó máa bọ̀ ní Èkó, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló máa ń wà nínú ìwé náà. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ń múra WAEC náà kò sí níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo wọn ló máa di ẹrù. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ológun lórílẹ̀-èdè yìí, ìbọn la máa ń sọ, tàbí ìfipágbàjọba, tàbí owó oṣù tí kò tó. Ẹni tó máa wá ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ládùúgbò tuntun, tó máa mọ ọlọ́jà tó ṣeé ràjà àwìn lọ́wọ́ ẹ̀, tó máa bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kó gba ọmọ wọlé láàárín tááàmù, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kì í sábà jáde. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi wò ó, nítorí kò sí ibòmíràn ní Èkó tí bárékè àti ìlú ti fara kan ara wọn tó báyìí.

Kí sójà tó mọ Àpápá ni Àpápá ti mọ ìjọba. Ní 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Amodu Tijani Olúwa gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì rìn títí ó fi dé Privy Council ní London. Herbert Macaulay bá olóyè náà wọkọ̀ lọ ní 1920. Nígbà tó di 1921, ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó tó tọ́. Pọ́n-ùn 22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Wọ́n kọ́ èbúté sílẹ̀, àwọn ibi mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńláńlá lè gúnlẹ̀ sí parí ní 1926, iṣẹ́ èbúté sì kó èrò wá láti ibi gbogbo. Àwọn ọ̀gá ń gbé GRA Àpápá. Àwọn tó ń ru ẹrù, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tó ń ta oúnjẹ fún àwọn méjèèjì, kọjá Boundary, ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, lọ sí Ajégúnlẹ̀. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò, Hausa, Ègùn: kò sí ẹ̀yà tí kò ní àdúgbò tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ó ṣe pàtàkì fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ará Ajégúnlẹ̀ ló tẹ̀lé iṣẹ́ ẹnì kan débẹ̀, bíi ti ìyàwó sójà.

Ológun ojú omi Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ọdún kan lẹ́yìn tí àjọ èbúté NPA dé, kò sì sí ibi tí wọ́n fìdí múlẹ̀ sí bí Àpápá. Ibẹ̀ ni Western Naval Command wà, ibẹ̀ náà ni NNS Beecroft àti NNS Quorra wà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá rántí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ Beecroft. John Beecroft ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí bí ọkọ̀ ogun wọn ṣe yìnbọn lu Èkó ní 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ọkùnrin tó fi àgbá fọ́ Èkó ni orúkọ ẹ̀ wà lẹ́nu géètì tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń ṣọ́ lónìí. Bóyá àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní ìdí tiwọn.

Orúkọ bárékè Arakan, ti àwọn sójà orí ilẹ̀ ní Àpápá, tún ní ìtàn tirẹ̀. Arakan jẹ́ agbègbè kan ní Búrúmà, níbi tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá Japan jà nínú ogun àgbáyé kejì, lábẹ́ ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82. Àwọn tó ń jí lójoojúmọ́ nínú bárékè náà, tí wọ́n ń sá aṣọ, tí wọ́n ń dín àkàrà, díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ní Arakan ti Búrúmà yẹn ni ọmọ Èmùrè-Ilé kan nítòsí Ọ̀wọ̀ ti fara gba ọta. Isaac Fadoyebo lorúkọ ẹ̀. Ọta bà á ní àfonífojì Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló kù nínú igbó. Àwọn ará abúlé, pàápàá ìdílé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Shuyiman, ló fún wọn lóúnjẹ, tó sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Bàbá náà kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé kó tó kú ní 2012. Nínú gbogbo ìtàn ológun tí mo kà, òun ló fi hàn mí jù pé ìkòkò ọbẹ̀ ẹnì kan ni àlejò tó wọ aṣọ ogun fi ń di ẹni ilé. Àṣẹ ọ̀gá kò lè ṣe é.

Bárékè sì ń gbìyànjú láti mú kí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ má pọn dandan. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ọgbà: ibi ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, ilé ìwé ọmọdé, àti mámì máàkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọjà inú bárékè. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn mámì, ìyàwó sójà kan, Mammy Maria Ochefu, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Abakpa ní Enugu láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ohun mímu bí ògì ló ń tà fún àwọn sójà, eṣinṣin pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀gá lé e. Nígbà tí àwọn sójà kò rí mu mọ́, wọ́n pè é padà, wọ́n fún un láyè lápá kan. Ọkọ rẹ̀, Anthony Ochefu, padà di gómìnà ológun ní East Central ní 1975. Èmi fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí obìnrin ló dá ohun tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀ka ológun tó kù sì wá sọ ọ́ di ara bárékè. Wá dé mámì kan ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kó o rí i: obìnrin kan ń so gílóòbù kọ́ sókè tábìlì ẹja tútù, èkejì ń lọ ata, ọmọ kan jókòó sórí kúlà ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n bọ́ bàtà ogun ń mu ọtí, kò sì sí ẹni tó ń sọ èdè kan ṣoṣo. Píjìn ni, tí Hausa ń gba àárín ẹ̀ kọjá.

Mámì dára. Ọgbà yẹn ṣì ní àléébù kan tí kì í hàn sí ẹni tó kàn wá mutí. Ráńkì ọkọ ni ráńkì ìyàwó níbẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá àgbà ológun ojú omi ló ń ṣe olórí NOWA, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀gá. Ti sójà orí ilẹ̀ ni NAOWA, bákan náà ni wọ́n ṣe ń yan olórí tiwọn. Àwọn ìyàwó sójà kékeré ní Magajiya, obìnrin tó ń kó wọn jọ, tó ń parí ìjà, tó ń gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Magajiya tó dára ju ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ lọ. Àmọ́ bí ọkọ bá ṣe nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, ojú ìyàwó ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ rí i, lójú ọ̀nà omi.

Ìyàwó ológun ojú omi kan tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní Boundary sọ èyí fún mi. Ó ti gbé bárékè méjì kí wọ́n tó háyà ilé ní Ajégúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nínú bárékè, bí mo bá kí ìyàwó ọ̀gá tí kò dáhùn, oorun ò ní kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màá máa rò ó pé kí lọkọ mi ṣe. Níbí, Ìyá Ṣadé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ò mọ ráńkì. Bó bá bínú sí mi, èmi gan-an ló ń bínú sí."

Mo bi í bí wọ́n ṣe rí ilé gbà, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé lánlọ́ọ̀dù Èkó kì í fẹ́ lọ́yà, kì í sì í fẹ́ sójà. Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló lọ bá ejẹ́ǹtì, ó ní ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù dé ni Bàbá lánlọ́ọ̀dù rí yúnífọ́ọ̀mù funfun lórí okùn. "Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní, 'Ìyàwó wa, ẹ ò tètè sọ.' Láàárín oṣù kan, àwọn ni wọ́n ń rán mi sí i pé kó bá àwọn ọmọ àdúgbò tó ń jà sọ̀rọ̀." Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. A kì í fẹ́ sójà nílé wa títí tí àwọn ọmọ ìta yóò fi dé; ìgbà yẹn ló máa ń di sójà ilé wa.

Owó ń bá a lọ o. Àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ́nnù, owó ọdún kan tàbí méjì, kí sígínà tuntun wá jáde lóṣù kẹfà. Lánlọ́ọ̀dù kì í dá owó padà. Ó wá ń ṣòro fún wọn láti dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, nítorí ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni wọ́n máa ń fún ìyàwó sójà. Wọ́n ní bó bá kọ́kọ́ kó o, tí pósítìn bá dé ńkọ́? Obìnrin ọlọ́jà Boundary yìí kó tirẹ̀ ṣìkẹrin nínú méjìlá. Nígbà tó sọ ọ́, mo rí i pé ohun tó wú u lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa nìyẹn, èmi náà sì gbà pé ó yẹ kó wú u lórí. Ìjọba lè fún un ní kwọ́tà, ilé inú bárékè. Kò lè fún un ní ipò kẹrin nínú àjọ méjìlá.

Àwa nìkan kọ́ ló ń rí irú èyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ìdílé wọn ló wà ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lakenheath àti Mildenhall ní Suffolk. Láti 1960 ni ẹgbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ogun 48 ti wà ní Lakenheath. Wọ́n ní ilé ìwé tiwọn, ibi ìtajà tiwọn tí wọ́n ti ń fi dọ́là ra oúnjẹ ìlú wọn, àti òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láti 1952 tó sọ ẹni tó lè dá wọn lẹ́jọ́. Àwọn tí kò bá rí ilé nínú ọgbà ń háyà ilé ní abúlé. Ìyàwó Amẹ́ríkà ní Suffolk ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lápá òsì, ó ń rí i pé iná ìlú náà ń jó ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí fóòtì rẹ̀ ga ju ti ilé lọ. Ìyà ni, àmọ́ ó ní owó ilé tí ìjọba rẹ̀ ń san lórí ohun tí ilé wọ́n ní ibẹ̀. Bárékè tiwa kò ní kó o mọ iye tí yàrá jẹ́ ní Ajégúnlẹ̀. Owó ilé tí sójà ń gbà kò mọ ọjà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ológun Gẹ̀ẹ́sì mọ apá kejì rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹni tó ti sìn fún ọdún mẹ́fà kò ní san owó ìwé ìgbélùú mọ́. Àánú yẹn dúró lórí sójà nìkan. Ìyàwó àti ọmọ kò sí nínú rẹ̀. Níbẹ̀ náà, bíi ti sígínà Jos, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé.

Ẹrù kan tún wà tí ìdílé ológun ń rù láìmọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ọkọ ló ń rán àdúgbò létí ohun tí yúnífọ́ọ̀mù ti ṣe fún wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà láti Abati Barracks, tí kò jìnnà sí Kalakuta, ilé olórin nnì, Fela, jó ilé náà. Aládùúgbò ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ní 2008, àwọn ológun ojú omi tó tẹ̀lé ọ̀gá wọn lu obìnrin kan lójú títì ní Victoria Island. Ní 2010, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 100 náírà fún un. Ẹ̀yin ìyàwó sójà tó ń gbé ní ìta mọ ohun tí ọ̀rọ̀ báyìí máa ń ṣe lọ́jà lọ́jọ́ kejì: ọlọ́jà á dákẹ́ bí ẹ bá dé.

Ní Àpápá, tírélà ló fa irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tírélà àti táńkà to láti èbúté dé Mile 2, títì bàjẹ́, wọ́n sì fi àwọn ológun ojú omi sójú ọ̀nà láti tò ó. Ẹni tó fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan rí wọn, ẹni tó ń wa táńkà rí wọn lójoojúmọ́, oríṣiríṣi ẹ̀sùn sì ń jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí ológun ojú omi àti gbogbo ológun yòókù kúrò lórí títì Àpápá. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni ètò Ètò, tí wọ́n fi ń pe tírélà lórí fóònù kó tó wọlé, bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ìyàwó tí kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ló ń gbọ́ "Madam, ẹ bá wa sọ fún ọ̀gá" láti ẹnu dẹ́rẹ́bà, èébú sì ni láti ẹnu ẹni tó ti jókòó sínú gòsílóò fún wákàtí mẹ́rin. Mo rò pé àṣẹ 2019 yẹn ṣe ìdílé ológun lóore ju bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe rò lọ.

Bárékè fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ láàbò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ní ọjọ́ Àìkú, ilé àdó olóró ní Ikeja Cantonment gbiná. Ìyàwó àti ọmọ wà lára àwọn tó ń gbé nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn sáré nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sínú kánààlì Òkè-Afà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún. Ohun ìjà tó yẹ kó wà jìnnà sí èèyàn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ ìkókó. Ní ìlú tí bárékè wà láàárín ilé àwọn ará ìlú, mi ò ì tíì gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìbéèrè pé kí ni ìdílé ń ṣe nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ìdílé, ọmọ ló ń yára di ará àdúgbò jù. Ọmọ tó dé láti Makurdi kò ní ju tááàmù kan lọ kó tó máa bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Nígbà míràn, òun ni yóò máa ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n lè lọ ilé ìwé ológun ojú omi tó wà ní Navy Town ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì lè lọ ilé ìwé ìjọba tó kún inú ọgbà Tolu ní Olódì. Àwọn ti Tolu ló ń di ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní kánkán, nítorí lẹ́yìn ilé ìwé, pápá Maracana ni. Samson Siasia àti Odion Ighalo jáde láti àdúgbò yìí. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ráńkì bàbá lórí pápá. Ohun tí ọmọ máa ń pàdánù nínú pósítìn ni ọ̀rẹ́, àti ọdún kan nínú sílábọ̀ọ̀sì tí ìpínlẹ̀ méjì ń kọ́ ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣeé tún ṣe bí ilé ìwé bá fẹ́.

Lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí bí ọjọ́ orí bá pé 60, sójà máa fẹ̀yìntì. Ilé ẹ̀kọ́ ìtúnbọ̀sípò àwọn ológun, NAFRC, wà ní Ọ̀ṣòdì. 1944 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ti ogun àgbáyé kejì dé. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìntì ní iṣẹ́ ọwọ́. Mo ka ètò ẹ̀kọ́ wọn, ó dára. Ṣùgbọ́n sójà nìkan ni wọ́n ń kọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ti ń ta èlùbọ́ fún ogún ọdún, tó mọ owó ìlú ju ọkọ lọ, kò sí nínú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò bọ́ wọn. Wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì tuntun láti 2011, èyí sì ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Opó ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù: ọ̀fọ̀ kò ì tán tí wọ́n fi máa ń bi í nígbà tí yóò kó jáde kúrò nínú kwọ́tà. Àwọn opó tó háyà ilé ní Ajégúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní láti kó jáde. Ohun kan tí mo rí nìyẹn tí mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí òfin ti tún sọ ìdílé ológun di àlejò ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ìbílẹ̀. Ìwé òfin 1999, apá 318, ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ wá láti ìlú ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ sójà tí wọ́n bí ní Àpápá, tó kàwé ní Olódì, tó ń sọ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ èdè bàbá rẹ̀ lọ, kì í ṣe ọmọ Èkó fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba. Ó máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n máa bi í ní orúkọ ìdílé àti ti olórí ilé kó tó gba lẹ́tà. Bí ìjọba àpapọ̀ bá fẹ́ sọ pé ológun ń sin orílẹ̀-èdè, ó rọrùn fún un láti fi ìlà kan kún òfin pé ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní ilé ìwé ìpínlẹ̀ kan nítorí pósítìn òbí rẹ̀ lè gba lẹ́tà níbẹ̀. Kò ní ná ìjọba ní owó. Àwọn olóṣèlú tó ń wá ìbò ní Ajégúnlẹ̀ mọ àwọn ọmọ yìí dáadáa. Àwọn olóṣèlú yìí kan náà ló ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò.